Bí Ẹgbẹ́ Òǹtajà Orí Ayélujára Ṣe Lè Gbé Òǹtẹ̀ Kalẹ̀ Tí Kò Ní Di Àwòrán Lásán

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òǹtajà ló ti ṣe òǹtẹ̀ ìfọkàntán tí ó kú kó tó pé ọdún kan, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń gbà kú. Wọn á ṣèpàdé, wọn á ní kí ayàwòrán kan bá wọn ṣe àmì roboto aláwọ̀ ewé tí a kọ "a ti yẹ̀ ẹ́ wò" sí lára, wọn á jù ú sórí WhatsApp ẹgbẹ́, tonílé tàlejò á sì gbà á sórí fóònù. Nínú ẹgbẹ́ tí èmi náà wà, níbi tí a ti ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè lórí ayélujára, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a pín àwòrán náà tí a fi rí i lójú ìwé ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa rárá, tí ó sì ti gba owó lọ́wọ́ obìnrin kan ní London láìfi aṣọ kankan ránṣẹ́. Nígbà tí obìnrin náà kò rí ẹni tó gba owó rẹ̀ mọ́, àwa ló pè, nítorí orúkọ wa ló wà lára àmì náà.

Òǹtẹ̀ àfínnúfíndọ̀ ni a ń sọ níbí o. Kò sí ìjọba tó fi dandan lé e. Òǹtajà tó bá fẹ́ ni yóò tọrọ rẹ̀, tí yóò sì gbà láti tẹ̀ lé ìlànà tó ju ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ nọ́ńbà NAFDAC tàbí ìforúkọsílẹ̀ CAC, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ àmì àgádágodo tí àwọn ènìyàn máa ń wá lókè sáìtì. Àgádágodo yẹn kàn ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí sáìtì náà ni. Gbájúẹ̀ náà lè ní in, ìyẹn sì wà lára ìdí tí Google fi yọ ọ́ kúrò lórí Chrome ní ọdún 2023.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹgbẹ́ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí kò sí fún èrè máa ń forúkọ sílẹ̀ ní CAC lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Bí òǹtẹ̀ bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹni náà bá bínú kúrò ni òǹtẹ̀ náà yóò bá a lọ.
- Ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán, tí wọn yóò máa ṣe olùyẹ̀wò, tí wọn kò sì ta irú ọjà tí wọn yóò máa yẹ̀ wò.
- Sáìtì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ojú ìwé Facebook tàbí Instagram nìkan kò tó, torí ẹnikẹ́ni lè ṣí òmíràn tí yóò jọ ọ́ bí ìbejì.
- Nọ́ńbà fóònù kan àti ímeèlì kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sùn. Kí ó má wà lọ́wọ́ alága.
- Owó tí ẹ ó máa fi ra ọjà fún ìdánwò. Èyí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé, tí iṣẹ́ sì máa ń dúró lójijì nígbà tí ó bá kan ìgbésẹ̀ kẹrin.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tàbí nínú ìwé onílà, tí yóò ní orúkọ, nọ́ńbà òǹtẹ̀, ọjọ́ tí a fún un àti ọjọ́ tí yóò parí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fi gbólóhùn kan sọ ohun tí òǹtẹ̀ yín ń jẹ́rìí sí

Ẹ jókòó kí ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Àpẹẹrẹ tiwa nìyí: "Ẹni tó ní òǹtẹ̀ yìí ń ta aṣọ tí a fọwọ́ pa láró, ní ìwọ̀n tó sọ, ó sì ń dá owó padà bí aṣọ bá yàtọ̀ sí èyí tó fi hàn." Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣeé fi ojú rí. Òǹtẹ̀ wa kò sọ pé aṣọ náà lẹ́wà, kò sọ pé owó rẹ̀ kò wọ́n, kò sì sọ pé ẹni tó ń ta aṣọ náà jẹ́ ènìyàn rere.

Ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣìnà níhìn-ín ni kí òǹtẹ̀ máa jẹ́rìí sí nǹkan kékeré, kí oníbàárà sì máa rò pé ohun gbogbo ló jẹ́rìí sí. TRUSTe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997, wà lára àwọn òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀ lórí ayélujára. Ohun tí ó dá lé lórí ni bí sáìtì ṣe ń tọ́jú àṣírí oníbàárà; ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí àmì náà kò lọ ka ìwé ìlànà rẹ̀, ohun tó rò ni pé sáìtì náà ṣeé bá ṣòwò. Nígbà tí Benjamin Edelman, olùwádìí kan ní Harvard, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó rí i pé ìwọ̀n àwọn tí kò ṣeé fọkàn tán láàárín àwọn sáìtì tó ní òǹtẹ̀ TRUSTe ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò ní in lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ ló ń sáré wá òǹtẹ̀ jù, bí gbígba òǹtẹ̀ bá ti rọrùn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ka gbólóhùn yín fún ẹni márùn-ún tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn sọ ohun tí òǹtẹ̀ náà ṣèlérí. Bí ẹni méjì nínú wọn bá fi ohun tí ẹ kò sọ kún un, ẹ tún gbólóhùn náà kọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ìlànà tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí, ẹ má kánjú. Nínú ìwé ìlànà ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ní kí n bá àwọn wò, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé: "Ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ rẹ́ oníbàárà jẹ." Ta ni yóò ṣe é wò? Ọ̀nà wo ni olùyẹ̀wò yóò gbà fi àmì sí i? Ẹ fi ìlànà tó ní iye, ọjọ́ tàbí ohun àfojúrí rọ́pò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí àwa lò rèé:

1. Àwòrán ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọjà tí ó wà lọ́wọ́ òǹtajà, tí ó yà fúnra rẹ̀. Olùyẹ̀wò lè ní kí ó tún un yà lójú ẹsẹ̀, kí ó fi ìwé tí a kọ ọjọ́ òní sí lé e lórí.
2. Iye owó gbọ́dọ̀ hàn lábẹ́ àwòrán. "Ẹ wá bá mi ní kọ̀rọ̀ fún iye rẹ̀" kò bá ìlànà mu.
3. Yáàdì kan jẹ́ sẹ̀ntímítà 91. Ẹni tó bá ń ta yáàdì tó kéré sí i gbọ́dọ̀ kọ iye sẹ̀ntímítà rẹ̀ sílẹ̀.
4. Bí aró aṣọ bá máa ń jáde nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí òǹtajà sọ ọ́ ṣáájú kí ó tó gba owó.
5. Ọjọ́ tí ọjà yóò kúrò lọ́wọ́ òǹtajà gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ tí oníbàárà lè fi hàn, kódà kí ó jẹ́ lórí WhatsApp.
6. Owó oníbàárà tó dá ọjà padà pẹ̀lú ìdí tòótọ́ gbọ́dọ̀ padà sí àpò rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje.
7. Nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì oníbàárà kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, yàtọ̀ sí ẹni tí yóò gbé ọjà lọ. Fóònù tí a fi ń tajà gbọ́dọ̀ ní ìdènà alápá méjì (two-step verification) lórí WhatsApp, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé WhatsApp náà sórí fóònù tirẹ̀.

Ìlànà keje yìí ló ń fa àríyànjiyàn jù nínú ìpàdé, torí àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Òfin ìdáàbòbò àlàyé ara ẹni ti Nàìjíríà tó jáde ní ọdún 2023 kò yọ ẹni tó ń ta aṣọ sílẹ̀ nítorí pé ó ń ta aṣọ. Bí àlàyé oníbàárà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ lọ́nà tó lè pa á lára, wákàtí 72 ni òfin náà fi sílẹ̀ kí a fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Ẹ wo iye àdírẹ́sì tó wà nínú fóònù òǹtajà kan tó ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Peckham àti Houston fún ọdún mẹ́ta, ẹ ó mọ ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́.

Ìkìlọ̀: Ẹ má jẹ́ kí ìlànà ju mẹ́wàá lọ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá kọ ogójì kò ní lè yẹ ogójì wò. Ohun tí wọn yóò sì ṣe ni pé wọn yóò máa fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láìwò ó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ jẹ́ kí olùyẹ̀wò méjì lọ wo òǹtajà kan náà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí èsì wọn bá yàtọ̀ lórí ìlànà kan, ìlànà yẹn kò tíì yé èèyàn. Ẹ tún un kọ kí ẹ tó máa tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya ẹni tó ń yẹ̀ wò sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà

Kò sí bí a ṣe lè mú ọlọ́jà ṣe adájọ́ lórí ọjà ẹnìkejì rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má dà rú: bí ó bá fún un ní òǹtẹ̀, wọn á ní ó ṣojúsàájú, bí kò bá fún un, wọn á ní ó ń jowú. Òfin pàápàá ti rí èyí. Bí ẹ bá fẹ́ forúkọ òǹtẹ̀ yín sílẹ̀ ní Abuja gẹ́gẹ́ bí àmì ìjẹ́rìí, abala 43 òfin àmì òwò Nàìjíríà kò gbà kí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń ta irú ọjà tó fẹ́ jẹ́rìí sí jẹ́ ẹni tó ni àmì náà, ẹ ó sì ní láti fi ìwé ìlànà tó ń darí lílo àmì náà sílẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ máa ta aṣọ ní orúkọ ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń tà. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò bá yín wo ìwé ìlànà náà kí ẹ tó fi sílẹ̀. Owó tí ẹ ó san fún un kò tó èyí tí ẹ ó pàdánù bí wọ́n bá dá a padà.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó ń tọrọ òǹtẹ̀ ni yóò san owó àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kí ó san án kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, kí iye rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, kí ó má sì gbà á padà bí ó bá yege tàbí bí ó bá kùnà. Ẹgbẹ́ tó bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó yege nìkan ti fi owó sọ fún àwọn olùyẹ̀wò rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe já ẹnikẹ́ni kulẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ka iye àwọn tó tọrọ òǹtẹ̀ àti iye àwọn tí ẹ kò fún. Bí kò bá sí ẹnì kan ṣoṣo tó kùnà, kì í ṣe pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ áńgẹ́lì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ra ọjà gẹ́gẹ́ bí àlejò

Ìwé tí òǹtajà kọ nípa ara rẹ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ o, torí yóò jẹ́ kó mọ ìlànà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn fún ẹnikẹ́ni ní òǹtẹ̀. Ọ̀nà tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí olùyẹ̀wò lo nọ́ńbà tí òǹtajà kò mọ̀, kí ó ra ọjà, kí ó sì kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tó kí i títí di ìgbà tí owó padà.

Bí a ṣe ṣe ọ̀kan nínú wọn rèé. Olùyẹ̀wò wa béèrè yáàdì márùn-ún àdìrẹ ẹlẹ́kọ aláró dúdú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n dá a lóhùn láàárín wákàtí kan, wọ́n sọ iye, ó sì fi túráńsífà san án. Aṣọ dé ní ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Títí di ibi tá a dé yìí, gbogbo rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó fa téèpù lé e: sẹ̀ntímítà 415. Yáàdì márùn-ún yẹ kó jẹ́ 455 ó lé díẹ̀. Nígbà tí ó pè, ọkùnrin náà fèsì wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, yáàdì ọjà ni, kì í ṣe yáàdì téèpù." Kò purọ́ o, báyìí ni òun náà ṣe rà á. Àmọ́ oníbàárà tó wà ní òkè òkun, tó fẹ́ fi rán aṣọ fún ọmọ mẹ́ta, kò mọ yáàdì ọjà. Ìlànà kẹta tí ẹ rí lókè yẹn, ara aṣọ yìí ló ti jáde. Ọkùnrin náà kùnà nígbà àkọ́kọ́, ó lọ kọ sẹ̀ntímítà sí gbogbo ọjà rẹ̀, ó sì yege lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti pé a fọwọ́ pa aṣọ láró, ẹ yí aṣọ náà padà. Aṣọ tí a rì sínú aró máa ń mu aró tinú tẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán sí, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá, àwòrán rẹ̀ a sì máa bá ara mu geerege láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, nígbà tí ọwọ́ ènìyàn kì í ya ìlà méjì bákan náà. Ẹ rẹ aṣọ funfun kékeré sínú omi, kí ẹ fi nu igun kan, kí ẹ wo iye aró tó bá jáde, kí ẹ sì fi í wé ohun tí òǹtajà sọ kí ó tó gba owó.

Ẹ dá aṣọ náà padà lẹ́yìn náà. Àwọn olùyẹ̀wò máa ń fẹ́ fo èyí, nítorí ojú máa ń tì wọ́n, ṣùgbọ́n ibi ìdápadà owó ni ìwà òǹtajà ti máa ń hàn.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì: Ẹ má ṣe sọ pé ẹ yẹ ohun tí ẹ kò yẹ̀ wò. Ní ọdún 2010, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo oníbàárà, mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ControlScan nítorí irú èyí. Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn sáìtì máa ń gbé ọjọ́ òní jáde lójoojúmọ́, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ sáìtì náà wò láàárọ̀ yẹn ni, bẹ́ẹ̀ wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Àjọ náà sì ní àwọn òǹtẹ̀ kan wà tí àyẹ̀wò ẹ̀yìn wọn kò ju bíńtín lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ mú fáìlì òǹtajà kan tó yege. Ó gbọ́dọ̀ ní àwòrán téèpù lórí aṣọ, ẹ̀rí túráńsífà, àti ẹ̀rí pé owó padà. Fáìlì tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì yẹ fún òǹtẹ̀, kò sí bí ẹni tó ni ín ṣe lè gbajúmọ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ so òǹtẹ̀ mọ́ ibi tí oníbàárà ti lè rí òtítọ́

Àwòrán kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá rí i lè gbà á. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àwòrán nìkan jẹ́ òǹtẹ̀. Ẹ fún òǹtajà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà wà lára àmì, kí ọjọ́ tí yóò parí wà níbẹ̀, kí ìlà kan lábẹ́ rẹ̀ sì sọ ibi tí a ti lè wò ó. Ohun tí Trusted Shops ti ìlú Cologne ní Jámánì ń ṣe láti ọdún 1999 dára láti wò: bí ẹ bá tẹ òǹtẹ̀ wọn lójú sáìtì òǹtajà, yóò gbé yín lọ sí ojú ewé tí ó wà lórí sáìtì Trusted Shops fúnra rẹ̀, níbi tí òǹtajà kò ti lè fọwọ́ kan ohunkóhun. Òǹtẹ̀ PrivacyMark ti Japan, tó wà fún ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo àlàyé ara ẹni, náà máa ń gbé nọ́ńbà ẹni tó ni ín lọ́wọ́.

Tiwa kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Ojú ewé kan lórí sáìtì ẹgbẹ́ tó, níbi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ òǹtajà, orúkọ Instagram rẹ̀, nọ́ńbà WhatsApp tó fi ń tajà àti ọjọ́ ìparí. Níwọ̀n bí àwòrán orí Instagram àti WhatsApp kò ti ṣeé tẹ̀ láti dé ibòmíràn, kí òǹtajà kọ nọ́ńbà àti líǹkì náà sínú àlàyé ara rẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé nọ́ńbà WhatsApp: gbájúẹ̀ lè daṣọ bo orúkọ àti àwòrán ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó fẹ́ kí wọ́n pe òun lé lórí ni yóò tú u fó.

Ẹ tún kọ ọ́ sójú ewé náà pé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní òǹtẹ̀, ohun yòówù kó lẹ̀ mọ́ ara ọjà rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù, lílẹ òǹtẹ̀ tí a kò gba àṣẹ rẹ̀ wà lára àwọn ìwà tí òfin wọn ti ọdún 2005 kà sí ìtànjẹ nígbà gbogbo, láìwo àwíjàre kankan. Ní Nàìjíríà, òfin ti ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ lòdì sí kí òǹtajà máa fi irọ́ polówó ọjà, nítorí náà ẹ ní ibi tí ẹ lè gbé ẹ̀sùn lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fún àgbàlagbà kan tí fóònù rẹ̀ kò gbówó lórí ní òǹtẹ̀ gidi kan àti ayédèrú kan. Bí kò bá lè sọ èyí tó jẹ́ gidi láàárín ìṣẹ́jú méjì, ojú ewé yín le jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fún òǹtẹ̀ ní ọjọ́ ìparí, kí ẹ sì dúró lé e

Òǹtajà tó dára lónìí lè gba ọmọṣẹ́ tuntun lọ́la, kí nǹkan sì yí padà. PrivacyMark ń lo ọdún méjì; òfin GDPR ti Yúróòpù, tó fàyè gba òǹtẹ̀ àfínnúfíndọ̀ lórí àlàyé ara ẹni, kò gbà kí ìjẹ́rìí kan ju ọdún mẹ́ta lọ láìtún un ṣe. Fún òǹtajà orí ayélujára tí kò ní ju ènìyàn méjì lọ nídìí ọjà, ọdún kan ni mo fara mọ́, pẹ̀lú ìbẹ̀wò òjijì kan láàárín rẹ̀.

Ṣíṣe ìlérí àtúnyẹ̀wò rọrùn. Ní ọdún 2014, FTC fẹ̀sùn kan TRUSTe pé láti ọdún 2006 títí di oṣù Kìíní ọdún 2013, ó lé ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan tí wọn kò ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n sọ pé àwọn ń ṣe, tí òǹtẹ̀ sì dúró digbí lójú àwọn sáìtì náà. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 200,000 dọ́là. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó ní òǹtẹ̀ náà jẹ́ ayédèrú. Òǹtẹ̀ gidi ni. Àyẹ̀wò ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹtẹ̀ máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tó bá parí, kí ó jáde kúrò lójú ewé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùyẹ̀wò ló pẹ́, tí kì í ṣe ẹ̀bi òǹtajà. Òǹtajà tí inú bá bí yóò jẹ́ kí olùyẹ̀wò ṣiṣẹ́ rẹ̀ lásìkò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ wá gbogbo ọjọ́ ìparí tó ti kọjá lójú ewé yín. Kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ bí a ṣe ń gba òǹtẹ̀ padà kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni

Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ bá dé kí ẹ tó kọ èyí, ẹ ti pẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀sùn máa ń kàn kì í ṣe àjèjì. Àbúrò ìyàwó ẹnì kan ni, tàbí ẹni tó fi àga ìpàdé ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá di gbangba ni àwọn àgbà yóò dé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, wọn á ní ẹ fọwọ́ wọ́nú, ọmọdé ló ṣe é. Ẹ gba ẹ̀bẹ̀ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ fún wọn lómi mu, kí ẹ sì ka ìwé tí ẹ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún wọn.

Ìwé náà kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ fún ẹni tó mú ẹ̀sùn wá ní èsì pé ẹ ti gbọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ fún òǹtajà ní ọjọ́ méje láti sọ tẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ owó tí a gbà tí ọjà kò sì dé, ẹ kọ́kọ́ dá òǹtẹ̀ náà dúró ná, kí oníbàárà mìíràn má baà kó sí i nígbà tí ẹ ṣì ń wádìí. Ẹni mẹ́ta ni yóò dájọ́, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rárá. Àwa lo olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ìbátan òǹtajà náà yóò bọ́ sẹ́yìn. Òǹtajà lè pe ẹjọ́ náà padà lẹ́ẹ̀kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá gbà á, ẹ má ṣe pa ìlà rẹ̀ rẹ́ kúrò lójú ewé. Ẹ fi nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ kọ "a ti gba òǹtẹ̀ yìí padà" àti ọjọ́ rẹ̀ sí i. Bí ẹ bá pa á rẹ́, oníbàárà tó ń wá a yóò rò pé sáìtì ló ń ṣe wàhálà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ: "olè" tàbí "gbájúẹ̀" lè gbé yín dé kóòtù. Òtítọ́ tó wà lọ́wọ́ yín ni pé ẹ ti gba òǹtẹ̀ padà. Ẹ dúró síbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹ tó ṣí òǹtẹ̀ náà fún ìta, ẹ ṣe ẹjọ́ àfiṣeré kan, kí alága jẹ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá tì láti bi alága ní ìbéèrè, ẹ wá ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ kọ́ oníbàárà bí a ṣe ń wò ó

Èyí kò pẹ́. Ẹ ṣe ohùn ìṣẹ́jú kan ní Yorùbá tí yóò máa lọ láti WhatsApp dé WhatsApp, tí yóò sọ ohun mẹ́ta péré: ibi tí nọ́ńbà òǹtẹ̀ wà, ojú ewé tí a ti ń wò ó, àti nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo òǹtajà tó ní òǹtẹ̀ máa fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà tuntun kí ó tó gba owó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ní kí ìbátan yín kan ní òkè òkun, tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹgbẹ́, gbìyànjú láti ra aṣọ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn òǹtajà yín. Ẹ má sọ ohunkóhun fún un nípa òǹtẹ̀. Bí ó bá pe nọ́ńbà ẹgbẹ́ kí ó tó san owó, tí ẹni tó gbé fóònù sì rí nọ́ńbà òǹtajà náà nínú àkọsílẹ̀ kí ìpè tó já, òǹtẹ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́.